Ọjá Orí Ọparun

Lọ́dún tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí gbogbo ìlú ń jó pé ìjọba ti sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ mìíràn ló gba ẹnu àwọn ará àdúgbò wa ní Inísà. Ẹnì kan ri ọparun gíga mọ́ àárín àgbàlá rẹ̀, ó sì so ọjá mọ́ ọn lórí. Ọjá ìpọnmọ ni o, kì í ṣe àsíá. Keziah, opó Ọláníyan, tó ń ta ẹ̀wà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Títù, lẹni náà. Àwọn kan ní ó ti di wòlíì. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ́ ló ń san. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ tilẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá Títù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ lẹ ń wá ni?" Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún! Keziah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọmọ ni mò ń wá lóòótọ́," ó ní, "àmọ́ mo ti bí i tipẹ́."

Títù ni ọmọ náà. Òun nìkan ni Keziah bí tó yè. Ilẹ̀ Hólàńdì ló wà láti ìgbà tí náírà ṣì níyì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe irin gíga kan tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta lórí. Gbogbo wa la mọ fáànù: iná ló ń yí i kí ó tó fẹ́ atẹ́gùn sí wa lára. Òdìkejì rẹ̀ ni ti irin yìí. Atẹ́gùn ló ń yí i, òun ló wá ń mú iná jáde. Títù kì í kọ lẹ́tà ní tirẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ sí, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, ìyá rẹ̀ náà á sọ tirẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan náà, á dá a padà. Bí ìyá àtọmọ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọn kò ti fojú kan ara wọn.

Èyí tí ará Ìkìrun kan mú wá lọ́dún yẹn yàtọ̀. Keziah gbé rédíò sórí àga, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, ó sì jókòó tì í.

"Màmá mi, ẹ kú ilé o," ni Títù wí. "Mo fẹ́ wálé. Mo fẹ́ gbé ọ̀kan nínú àwọn irin wa bọ̀, kí n rì í sí àgbàlá wa, kí n máa fi iná rẹ̀ tún fíríìjì ṣe fún àwọn èèyàn, kí ẹ̀yin náà sì bọ́ lọ́wọ́ NEPA. Ṣùgbọ́n irin yìí kì í bá gbogbo ilé mu, Màmá. Bí igi tàbí ilé ńlá bá ti dí atẹ́gùn, ó parí. Ibi gbalasa ló fẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń rí ọ̀nà kọjá. Ó tún ń pariwo díẹ̀, nítorí náà ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n á lè fara dà á. Ẹ bá mi so aṣọ fẹ́lẹ́ mọ́ orí igi tó ga ju òrùlé lọ. Ẹ máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, nígbà ọyẹ́ àti nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìjì mọ́ ọn. Ìjì kì í ṣe atẹ́gùn iṣẹ́, àlejò oníjà ni. Èyí tó ń fẹ́ lójoojúmọ́ tí kò pariwo, òun ni mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi."

Keziah rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti tán ni, ó na ọwọ́ sí rédíò. Ohùn náà tún jáde.

"Bí atẹ́gùn ilé wa bá tó, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ wá jókòó nìyẹn. Ó ti lóyún, Màmá. Bí kò bá tó, àwọn ọ̀gá mi ti gbé ìwé iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ síwájú mi níbí. Màá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mò ń retí."

Ẹ ò rí nǹkan! Bóyá ọmọ á wálé ni o, bóyá kò ní wálé ni o, gbogbo rẹ̀ wá dorí atẹ́gùn.

Aṣọ fẹ́lẹ́ kò wọ́n nílé Keziah, ṣùgbọ́n kò mú èyíkéyìí nínú wọn. Ó lọ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó mú ọjá tó fi pọn Títù jáde. Ó ní bí aṣọ kan bá máa pe Títù wálé, òun náà ni.

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo wa là, ẹsẹ̀ wa funfun, àmọ́ ọjá Keziah kò kúrò lójú kan. Láàárọ̀, obìnrin yìí á jáde tòun ti pákò lẹ́nu, á gbójú sókè, ọjá á so rọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án, etí rẹ̀ kan á gbéra díẹ̀, á tún padà sáyè rẹ̀. "Ó mì!" ni Keziah á sọ. "Mo rí i, ó mì!" Á sì sáré wọlé kí ọjá náà tó já a nírọ́. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé ló mọ bó ṣe ń rí.

Tíṣà Tímótì ni aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí. Ìgbà tí Keziah bi í bóyá ariwo irin náà á dí i lọ́wọ́, ó ní kí Títù ṣáà gbé e wá, òun náà yóò fa wáyà wọlé òun. Ó wá káwọ́ sẹ́yìn, ó yí ọparun po, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Màmá Títù, igi àgbálùmọ̀ yín yìí ló dí atẹ́gùn," ó ní. "Ẹ gé e, ẹ ó sì rí iṣẹ́ Olúwa."

"Àgbálùmọ̀ tí Bàbá Títù fọwọ́ ara wọn gbìn, Tíṣà?"

"Ẹni tó gbìn ín náà á fẹ́ kí ọmọ òun wálé."

Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà parí ni Ọláníyan gbin igi ọ̀hún. Ìgbà ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń gbé. Keziah fọwọ́ pa ìdí igi náà lára, ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ èèyàn, lọ́jọ́ kejì ó pe onígẹdú. Igi náà kún fún èso lọ́jọ́ tó wó. Àwọn ọmọdé ń ṣa àgbálùmọ̀, wọ́n ń sunkún. Bí ewé àti ẹ̀ka ṣe kúrò lọ́nà tán, gbogbo wa wá rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: pẹ́tẹ́ẹ̀sì Tíṣà Tímótì, ó ga, ó fẹ̀, ó sì kọjú dí ibi tí atẹ́gùn òjò ti máa ń wá. Tíṣà wúkọ́. Ó ní òun gbé nǹkan kaná, ó sì yáa lọ sílé.

Ọjá kò mì síbẹ̀.

Inú oṣù Ẹrẹ́nà ni àkọ́rọ̀ òjò dé, tìjì-tìjì ló sì bá wọlé. Ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án gangan, eruku sọ, ewúrẹ́ ń sá wọlé onílé. Ìjì ká páànù kúrò lórí ilé ìdáná Tíṣà. Lórí ọparun, ọjá náà tò gbọọrọ, ó ń dún pá, pá, pá! Keziah já síta láìwérí, òjò ń pa á, ó ń jó.

"Ó ń fẹ́ o! Ẹ bá mi yọ̀ o! Títù ń bọ̀ o!"

Tíṣà Tímótì yọrí lójú fèrèsé òkè. "Ṣé mi ò sọ fún yín, Màmá Títù? Atẹ́gùn kò wọ́n ní Inísà!" Páànù bàbá yìí ń fò lọ sọ́nà Ìkìrun, òun ń jàre ọ̀rọ̀!

Bẹ́ẹ̀ náà la sì rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Ìkìrun títí dé Òkukù pé ṣé atẹ́gùn wà ládùúgbò yín, páànù tí ìjì ká lọ léṣìí ni yóò fi dá yín lóhùn. Ìjì nìkan là ń pè ní atẹ́gùn. Èyí tó ń rọra fẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, a kì í kà á sí nǹkan kan. Keziah kò yàtọ̀ sí wa. Òjò kò tíì dá tán tó fi ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, tó tẹ bọ́tìnì, tó ní, "Títù ọmọ mi, atẹ́gùn wà! Ó pọ̀ rẹpẹtẹ! Gbé irin rẹ, máa bọ̀!" Ó rántí ohun tí Títù sọ nípa ìjì. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ó kàn yíjú kúrò lára rẹ̀ ni, bí a ti ń yíjú kúrò lára olówó tá a jẹ ní gbèsè. Ará Ìkìrun tó ń padà sí Hólàńdì kò ní lọ títí Àjíǹde fi máa kọjá, kásẹ́ẹ̀tì bá wà nínú àpótí.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Keziah di ẹ̀wà tó rà lóko Ìgbayè, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Òkukù. Ó ti fi igi lu ẹ̀wà náà nílé, èèpo àti ìyàngbò ṣì wà nínú rẹ̀, ó kù kó fẹ́ ẹ. Àwọn ẹlẹ́wà apá ibí yìí kì í fẹ́ ẹ̀wà lágbàlé wọn. Teṣàn rélùwéè Òkukù ni wọ́n ń gbé e lọ. Pèpéle ibẹ̀ ga, wọ́n ti gé igbó ẹ̀gbẹ́ irin mọ́lẹ̀ lọ réré, atẹ́gùn a sì máa gba ojú irin bọ̀ láìsí ohun tó dí i. Ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́ láyé ìgbà yẹn, àwọn ẹlẹ́wà ló ni pèpéle.

Adérónkẹ́ ti wà níbẹ̀. Ọmọ Òkukù ni, òun àti Keziah ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ìyàwó titun. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Keziah bu ẹ̀wà kún atẹ, ó gbé e sókè, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wà ń bọ́ sórí ẹní, ìyàngbò ń fò lọ sójú irin. Inú rẹ̀ dùn, kò lè pa á mọ́ra.

"Adérónkẹ́, Títù ń bọ̀. Atẹ́gùn ilé wa tó. Mo ti sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì."

Adérónkẹ́ ti gbọ́ ìtàn ọjá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń da ẹ̀wà tirẹ̀ nìṣó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Keziah yìí! Bí atẹ́gùn bá wà nílé rẹ, kí lo wá ń gbé ẹ̀wà wá fẹ́ ní Òkukù láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́?"

Ẹ̀fẹ̀ ló pè é. Àmọ́ ọwọ́ Keziah dúró sókè tòun ti atẹ.

"Ti ìjì ọjọ́ yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ó gbé páànù Tíṣà."

"Ta ló ń fi ìjì fẹ́ ẹ̀wà? Á gbé ìyàngbò, á gbé ẹ̀wà, á gba atẹ lọ́wọ́ ẹni." Ìgbà yìí ni Adérónkẹ́ tó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé atẹ kalẹ̀. "Háà. Keziah, má bínú. Eré ni mò ń ṣe."

Keziah jókòó sétí pèpéle. Gbogbo ọdún ayé rẹ̀ ló fi ń ru ẹ̀wà jáde nílé náà lọ wá atẹ́gùn, kò sì fìgbà kan bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Orí Títù gan-an ló ń di ẹ̀wà lé nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ náà á máa ráhùn lọ́nà pé ọrùn ń dun òun, òun á máa fi gúgúrú tàn án.

"Fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn ránṣẹ́," ni Adérónkẹ́ sọ, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Jẹ́ kí ó wá. Bí ó bá dé tí kò bá atẹ́gùn, á bínú fún oṣù kan, á sì tán. Kì í ṣe ọmọ tìẹ ni? Ta ni yóò mú ọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Keziah lára, a ò lè fi í pa mọ́. Ó rò ó láti Òkukù títí dé Inísà. Ọlọ́kadà ń bá a sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, kò gbọ́ ọ̀kan. Bó ti wọ àgbàlá, ó gbójú sókè. Ọjá so rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá rí i lójú inú rẹ̀: irin Títù níbi tí ọparun wà, ó ga, ó ń dán, abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbọnyin. Àwọn ọmọdé ń sọ òkúta lù ú. Àwọn àgbà ń kọjá, wọ́n ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín pé ọmọ Ọláníyan tòkè òkun dé, irin tí kì í yí ló rù bọ̀. Ọmọ ọ̀hún á wà níbẹ̀, kò ní lè bá ìyá rẹ̀ jà, kò sì ní lè gbójú sókè nílùú. Keziah ní rárá. Ó sàn kí òun má rí i ju kí òun fi í ṣẹ̀sín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, ó sì sọ̀rọ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí.

"Títù, ìyá rẹ ni. Kò sí atẹ́gùn nílé wa. Ìjì wà, àmọ́ o ní kí n má kà á. Ìwọ náà mọ̀, orí rẹ la fi ń ru ẹ̀wà lọ sí Òkukù. Mo gé àgbálùmọ̀ bàbá rẹ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pẹ́tẹ́ẹ̀sì Tíṣà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Má ná owó rẹ dànù. Tọwọ́ bọ ìwé àwọn òyìnbó rẹ. Kí ìyàwó rẹ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Mo wà dáadáa."

Ó pa á. Ó jókòó wò ó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Títù, mo gbàgbé ohun kan. Èmi ò bí irin. Ìwọ ni mo bí."

Ó yára pa á kí omijé tó bá ohùn rẹ̀ wọlé.

Àjíǹde kọjá, ará Ìkìrun lọ. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kankan kò wá. Keziah kò wo ọparun mọ́, kò sì wú u. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè Títù, á ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti dé ibi àdúrà fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, á jáde lọ mumi. Tíṣà Tímótì kò gbani nímọ̀ràn kankan látìgbà náà. Ó kàn ń fi ọmọ àgbálùmọ̀ tó hù nínú agolo ránṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, Keziah sì ń gbìn wọ́n.

Ọyẹ́ tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Keziah ti ọjà Eko Ẹndẹ́ dé tó bá ọkùnrin kan nínú àgbàlá. Ó kẹ́yìn sí i, ó gbójú sókè, ó ń wo orí ọparun. Obìnrin kan jókòó lórí kùkùté àgbálùmọ̀, ọmọ ọwọ́ wà nítan rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kò tilẹ̀ mì, Màmá," ni ọkùnrin náà wí, kó tó yíjú.

Ẹrù orí Keziah já lulẹ̀. "Mo sọ fún ọ," ó ní. "Ṣé mi ò sọ fún ọ ni?" Títù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, ìyá rẹ̀ wólẹ̀ tì í níbẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá a léjìká, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwé iṣẹ́ yẹn ńkọ́?" ó bi í nígbà tó yá.

"Mi ò tọwọ́ bọ̀ ọ́." Títù wo ilẹ̀. "Ojú ló ń tì mí láti wálé, Màmá. Ọdún mẹ́wàá! Mo ní bí n kò bá gbé nǹkan ńlá dání, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo lọ ṣe? Irin yẹn ni mo fẹ́ fi bo ojú. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ohùn yín, mo gbọ́ ọ tán, mo yí i padà, mo tún gbọ́ ọ. Kí Ẹ̀bùn ọmọ wa yìí dàgbà tó ẹni tó lè wọ ọkọ̀ òfurufú nìkan la ń dúró dè." Ó na ọwọ́ sí àpò tó wà nílẹ̀. "Ohun tí mo mú bọ̀ nìyí. Màá wá ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìkìrun, màá máa tún fíríìjì ṣe. NEPA á máa bá wa ṣe é."

"NEPA á ṣe é," ni Keziah sọ. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà máa sọ gbólóhùn ọ̀hún láìbú èébú mọ́ ọn.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Keziah nawọ́, ó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn, ó fi ìró gbà á mọ́ra. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Títù, wú ọparun yẹn."

Títù wú u. Wọ́n tú ọjá náà. Òòrùn ti ṣá a, etí rẹ̀ kan ti tú. Keziah gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, eruku jáde, ó sì fi gba ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pinpin. Ẹkún dá. Ó rìn yí àgbàlá po pẹ̀lú rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ àgbálùmọ̀ tí kò tíì ga tó orúnkún, ó wá dúró níwájú Títù.

"Ṣé orí yẹn ṣì lè ru ẹ̀wà dé Òkukù lọ́la?"

"Ṣé gúgúrú máa wà, Màmá?"

"Á wà," ni Keziah sọ.